Ife Omi Mẹ́rìndínlógójì fún Eku

"Òjò ni," Ko Htun wí.

"Omi ẹ̀rọ amúlétutù ni," U Lwin dá a lóhùn. "Òjò wo ló ń kán lẹ́ẹ̀kan péré, tó wá lọ sinmi?"

"Ẹ jù mí lọ lóòótọ́, U Lwin, àmọ́ imú mi ò parọ́ rí. Òórùn òjò ni mò ń gbọ́."

"Òórùn edé lò ń gbọ́. Ara ẹ ni."

Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó já látòkè, ó bọ́ sórí ewé kunya, tí à ń jẹ bí ẹ ṣe ń jẹ obì, tí U Lwin ń ká lọ́wọ́ kó tó sọ ọ́ sẹ́nu jẹ. U Lwin ni onígbàjámọ̀ ilé wa, abẹ́ àtẹ̀gùn ló ń gbé àga ẹ̀ sí. Ko Htun ń ru edé ní iléeṣẹ́ tí gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí wọ́n ń fún wa. Oṣù kẹta, Mahachai, ìlú Thailand tí àwa ọmọ Burma ti ń ṣiṣẹ́, gbẹ bíi panla, kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run tó tó nu imú ọmọ tuntun. Síbẹ̀ wọ́n ti ń fà á fún ìdajì wákàtí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí omi, ó ti dé orí bí bàbá Ko Htun ṣe máa ń hanrun ní abúlé lọ́hùn-ún.

Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ bá Ko Zaw Latt kó bá wọn dá a.

Ko Zaw Latt ló máa ń dá gbogbo ẹjọ́ ilé wa. Ó gbọ́ èdè Thai bí ẹni pé inú ẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó mọ gbogbo ọ́fíìsì, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ máa ń funfun ní àdúgbò tí ohun gbogbo ti ń rùn. Pabanbarì ẹ̀, òun ló fẹ́ fẹ́ Ma Tin Nwe, opó tó ń bó edé ní tábìlì kẹta, tí kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn méjèèjì gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, wọ́n ń bá ìjà wọn lọ. Ko Htun kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra ẹ̀.

Yàrá ti ṣófo. Kò sí ẹní, kò sí fáàní, kò sí àpótí. Kódà ìṣó tó fi ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sára ògiri, ó ti yọ ọ́ lọ. Agolo wàrà kan péré ló kù nílẹ̀, ó sì ti lá inú ẹ̀ mọ́.

U Lwin ló kọ́kọ́ rántí. Ó wo Ko Htun. "Ìwé ìrìnnà ẹ ńkọ́?"

"Mo ti fún Ma Tin Nwe."

"Èmi náà."

Wọn ò bá ara wọn jà mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìjọba ní kí gbogbo àlejò òṣìṣẹ́ lọ lu òǹtẹ̀ tuntun sínú ìwé ìrìnnà wọn kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ko Zaw Latt ní kí ẹnikẹ́ni má dààmú, òun mọ ẹni tó ń lu òǹtẹ̀. Ma Tin Nwe bá ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa. Mẹ́tàlélógún ni gbogbo ẹ̀, tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Ko Zaw Latt fúnra ẹ̀ ló wá gbà á, àwọn kan ì bá béèrè ìbéèrè. Ma Tin Nwe ló wá, ta ló máa béèrè?

Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ń sebẹ̀ lọ́wọ́, ìkòkò méjì. Ọ̀kan ní ngapi nínú, ẹja kíkan tí gbogbo wa ń fi sọ́bẹ̀ bí ẹ ṣe ń fi irú sí tiyín. Èkejì ò ní. Ti Ko Zaw Latt nìyẹn, nítorí ngapi máa ń jẹ́ kí ara ẹ̀ ta. Ó dúró, ó wo ìkòkò kejì títí tí ọbẹ̀ fi jóná.

Lọ́jọ́ Ajé, alábòójútó iṣẹ́ sọ fún wa pé ẹni tí kò bá ní ìwé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Bí ọlọ́pàá bá sì mú un lójú ọ̀nà, àtìmọ́lé ni, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kánjú. Ẹni tó wọlé síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, a ò tíì rí i.

Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn bí Ma Tin Nwe. Ó ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Bago. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n fá irun ọmọ náà, kó lọ wọ aṣọ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Búdà, bí gbogbo ọmọkùnrin wa ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ náà, ìyá ọmọ á di etí kan aṣọ funfun mú, bàbá ọmọ á di etí kejì, kí irun má bàa bọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Ma Tin Nwe ti fi ń bó edé nítorí aṣọ funfun yẹn. Bàbá ọmọ ti kú. Ko Zaw Latt ló ti ṣèlérí pé òun á di etí kejì mú.

Wọ́n mú Ma Tin Nwe dé iwájú Sájẹ́ǹtì Wichai ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ta ló gba ìwé lọ́wọ́ wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Ta lo kó o fún?"

"Ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́."

"Orúkọ bàbá ẹ̀?"

"Mi ò bi í rí, sà."

"Ìlú ẹ̀?"

"Ó ní Mandalay. Nígbà mìíì ó ní Magway."

"Obìnrin yìí, kí lo tiẹ̀ mọ̀ nípa ọkùnrin náà gan-an?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, sà."

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ló rí kọ.

Nígbà tó délé, kò sẹ́ni tó bú u. Ìyẹn gan-an ló burú. Tó bá wọ ibi ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á sún fún un bí ẹni tó gbé ìkòkò omi gbígbóná. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó tì í, Daw Kyin Ohn, ìyá àgbà tó ń ta mohinga, núdù inú ọbẹ̀ ẹja, lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò, tí ahọ́n ẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà lọ.

"Ṣé o fẹ́ sunkún ni, àbí o fẹ́ mú un?" Daw Kyin Ohn bi í.

"Mo fẹ́ mú un, ìyá."

"Ó dáa. Olè ni, àmọ́ ọmọ Burma ni. Kò sí ọmọ Burma tó máa rin ìrìn àjò ńlá tí kò ní kọ́kọ́ lọ da omi sórí ère ọjọ́ ìbí ẹ̀, lọ́jọ́ ìbí ẹ̀ gan-an. Ọ̀la ni Ìṣẹ́gun. Ẹ lọ bá kìnnìún."

Tẹ́ńpìlì wa wà ní òdì kejì odò. Igun mẹ́jọ ló ní, nítorí à ń pín Ọjọ́rú sí méjì; igun kọ̀ọ̀kan ní ère Búdà kan, ọjọ́ tiẹ̀ àti ẹranko tiẹ̀. Ẹni Ìṣẹ́gun á lọ bá kìnnìún, ẹni Àbámẹ́ta bíi Ma Tin Nwe á lọ bá ejò ńlá. Àtàárọ̀ ni U Lwin, Ko Htun àti Ma Tin Nwe ti gba àyè kúrò níṣẹ́, wọ́n ba sẹ́yìn òdòdó ní igun kìnnìún. Gbogbo ẹni Ìṣẹ́gun Mahachai ló wá, arúgbó, aláboyún, ọkùnrin kan tó gbé àkùkọ ẹ̀ lọ́wọ́. Ko Zaw Latt ò wá. Oòrùn wọ̀ sórí wọn, ẹ̀fọn jẹ wọ́n, U Lwin àti Ko Htun tún bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀kán omi yẹn.

Ìgbà tí wọ́n ń padà, tí wọ́n dé èbúté, ni Ko Htun rí i.

Ọkọ̀ ojú omi ti ń kúrò létí èbúté. Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó dé fìlà, ó wọ awò dúdú, ó fi thanaka, àtíkè tí à ń lọ̀ lára igi, kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì funfun bí ìyàwó tuntun. Ó ń wo Ma Tin Nwe. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó ń dágbére fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ko Htun ò bi ẹnikẹ́ni. Ó sáré, ó fò, ẹsẹ̀ kan ba ọkọ̀, èkejì ba afẹ́fẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ gbá fìlà mú. Ko Zaw Latt fi àtẹ́lẹsẹ̀ tì í láyà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ko Htun bá odò lọ. Nígbà tí wọ́n fa á jáde, fìlà wà lọ́wọ́ ẹ̀, omi ń jáde nímú ẹ̀.

"Mo rí i," ó wí. "Òun ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun ni. Páúdà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀."

U Lwin dìde dúró bí ẹni tí kòkòrò ta. "Onígbàjámọ̀ wo?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gẹ orí yẹn. Ó wá gbé e fún ẹlòmíì." Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lójú ẹ̀. Àwọn méjì tó kù rò pé ìwé ìrìnnà ẹ̀ ló ń sunkún lé, orí Ko Zaw Latt ni. U Lwin wá yíjú sí Ko Htun. "Òní ọjọ́ wo?"

"Ìṣẹ́gun náà ni. Ṣé kì í ṣe ìdí tá a fi wá nìyẹn?"

"Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò ní jẹ́ kí abẹ́ kan orí òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èèwọ̀ ni. Ẹ̀yin ẹ lọ bi ọmọ ọwọ́." U Lwin jókòó padà, ó ń fi ìka gbá eékún ẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní àjà kejì, òun fẹ́ bá Ko Zaw Latt gẹrun lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè dáa lójú àlejò. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó mú irun bí igbó lọ sí ìgbéyàwó. "Ọjọ́bọ̀ ni ìgbéyàwó yẹn," U Lwin wí.

Ọjọ́bọ̀. Eku ni ẹranko Ọjọ́bọ̀.

Ọkọ̀ mìíì gbé wọn kọjá odò. Ma Tin Nwe ń rántí ọjọ́ tí òun àti Ko Zaw Latt kọ́kọ́ jọ jókòó nídìí mohinga Daw Kyin Ohn. Ko Zaw Latt bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí i, Ma Tin Nwe ní Àbámẹ́ta. Ọwọ́ Ko Zaw Latt dúró díẹ̀ láàárín àwo àti ẹnu. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kìnnìún ni, ọmọ Ìṣẹ́gun. Ẹni Àbámẹ́ta kì í fẹ́ ẹni Ọjọ́bọ̀ láàárín wa. Ejò kì í bá eku gbé inú ihò kan kí méjèèjì pẹ́. Ká ní ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, Daw Kyin Ohn ì bá fi ìpọnbẹ̀ lé e. Látorí ọ̀rọ̀ kìíní tó bá a sọ ló ti ń jí ìwé yẹn kó. Ó dùn ún wọra pé nǹkan kan ṣoṣo tó rí sọ fún ọlọ́pàá, irọ́ ni.

"Kò tíì lọ," Daw Kyin Ohn wí nígbà tí wọ́n rò fún un. "Ọjọ́ ẹ̀ ni kò tíì pé. Ẹ jẹ́ kó rí i pé kìnnìún la ṣì ń ṣọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, U Lwin àti Ko Htun lọ jókòó gbangba ní igun kìnnìún, wọ́n ní kí wọ́n máa jà. Kò sí iṣẹ́ tó rọrùn fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igun ejò ló kángun sí igun eku. Ma Tin Nwe jókòó níwájú ejò tiẹ̀, ó bo orí, Daw Kyin Ohn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Sájẹ́ǹtì Wichai.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, Ko Zaw Latt dé. Kò sí awò, kò sí thanaka. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀rá dì lẹ́nu. Ó yọjú wo igun kìnnìún, ó gbọ́ bí Ko Htun ṣe ń pariwo pé òjò ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú eku, ó bu omi.

"Ení," ó wí. "Èjì. Ẹ̀ta."

Iye ọdún tí èèyàn ti gbé láyé, kó fi ọ̀kan lé e, iye ife tó máa dà nìyẹn. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Mẹ́rìndínlógójì ló máa dà, kò sì gbọdọ̀ dúró lágbedeméjì. Ẹni tó bá dúró ti da oríire ẹ̀ nù mọ́ omi.

Ó dé orí ẹẹ́tàdínlógún kí Ma Tin Nwe tó kúnlẹ̀ tì í lápá ọ̀tún.

"Ko Zaw Latt."

Ó fẹ́ dìde. Ó wo ife tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wo eku, ó kúnlẹ̀ padà. "Eéjìdínlógún," ó wí.

"Mo ṣèbí ẹẹ́rìndínlógún lo wà," Daw Kyin Ohn wí lápá òsì. "Àbí ẹẹ́rìnlá?"

Ó dijú. Kò dá a lójú mọ́. Ó bu omi tuntun. "Ení."

Báyìí ni Sájẹ́ǹtì Wichai ṣe bá wọn. Ó bọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn, ó yọ ṣẹkẹṣẹkẹ, ó tún rọra dá a padà sápò. Ó ní òun ò lè de ọwọ́ tó ń bomi fún Búdà, ìyá òun á gbọ́. Ó bi wọ́n pé mélòó ló kù. Wọ́n ní ọgbọ̀n ó lé. Ó jókòó, ó ń fi fìlà fẹ́ ara ẹ̀. U Lwin àti Ko Htun náà ti dé, wọ́n dí ọ̀nà.

"Níbo ni ìwé wa wà?" Ma Tin Nwe bi í.

"Eéjìlélógún."

"Kí lorúkọ ẹ gan-an?"

"Ẹẹ́tàlélógún."

"O jẹun nínú ìkòkò mi fún oṣù mẹ́sàn-án."

"Ẹẹ́rìnlélógún." Ohùn ẹ̀ ti ń fà.

"Ọmọ mi ti sọ fún gbogbo ọmọ abúlé pé ẹnì kan máa di etí aṣọ kejì mú. Ó ti mọ orúkọ ẹ. Kí ni kí n sọ fún un?"

Kò kà. Omi wà nínú ife, ọwọ́ ẹ̀ dúró lófuurufú. Ma Tin Nwe sún mọ́ ọn. Kò pariwo.

"Iwájú ère ẹ la wà. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?"

Ọkùnrin náà wo eku. "Ọjọ́bọ̀," ó wí.

Lójú Ma Tin Nwe, òótọ́ àkọ́kọ́ tó bá a sọ nìyẹn. Ma Tin Nwe mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n san gbèsè kékeré fún nínú ńlá. Ojú ẹ̀ wá bọ́ sórí ìkòkò amọ̀. Òórùn ń jáde lábẹ́ ọ̀rá tó dì í lẹ́nu. Ngapi.

"Ngapi máa ń jẹ́ kí ara ẹ ta," ó wí.

Ọkùnrin náà yára bu omi. "Aárùndínlọ́gbọ̀n. Ẹẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Ma Tin Nwe ká apá aṣọ, ó ya ọ̀rá, ó ti ọwọ́ bọ ngapi dé ìgúnpá. Ó fa ọ̀rá mìíì jáde, ìdì kan, ó nu ún sára aṣọ ẹ̀. Ó tú u. Ìwé ìrìnnà. Ó ń pe orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan níwájú Búdà: Htun, Lwin, títí tó fi kan tiẹ̀. Mẹ́tàlélógún pé. Ko Htun gba tiẹ̀, ó fi sí imú, ojú ẹ̀ sì yí padà. Lójú Sájẹ́ǹtì, kò sí ọlọ́pàá ibodè kankan tó máa tú ìkòkò yẹn wò láyé. Ó ní ọpọlọ wà lórí ọkùnrin yìí, ó ṣe é láàánú.

Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ láàárín ife àti ife. Myint Bo lorúkọ ẹ̀. Oníṣòwò ìwé kan ń dúró dè é ní gúúsù, wọ́n á yọ àwòrán wa, wọ́n á lẹ ti ẹlòmíì. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú méjì. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, opó kan wà. Ní ọ̀kan, ẹkùn ni òun pe ara òun, ní èkejì, erin.

"Ṣé ngapi tó ń jẹ́ kí ara ẹ ta náà, irọ́ ni?" Ma Tin Nwe bi í.

"Rárá," Myint Bo wí, ó sì na apá ẹ̀. Ibi tó ti gbá ìkòkò mọ́ra ti sú pupa pupa bí ojú edé. Nínú gbogbo ohun tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò parọ́ ẹ̀.

U Lwin sún mọ́ Ma Tin Nwe. Ó ní òun ò lè di bàbá ọmọ náà o, àmọ́ òun náà ń lọ sílé fún ọdún omi, ọdún tuntun wa, ọwọ́ òun sì mọ́ lórí irun. Bí wọ́n bá nílò ẹni tó máa di etí aṣọ kan mú, òun á dì í. Ma Tin Nwe sunkún níkẹyìn, ó fi apá tí ngapi ò dé bo ojú.

"Ẹẹ́rìndínlógójì," Myint Bo kígbe, ó da ife tó kẹ́yìn. Ó nawọ́ méjèèjì sí Sájẹ́ǹtì bí ẹni tó ń gba ẹ̀bùn.

"Aárùndínlógójì ni," Daw Kyin Ohn wí.

"Ìyá, mo kà á."

"O fo kan nígbà tí wọ́n bi ẹ́ lọ́jọ́ ìbí ẹ."

"Mi ò fò ó. Mo dúró ni. Ẹni tó dúró ò fò."

"Aárùndínlógójì. Ojú mi ò tíì fọ́."

Ṣẹkẹṣẹkẹ dún. Sájẹ́ǹtì tì í síwájú, ó ń wọ bàtà ẹ̀ lórí ìrìn. Myint Bo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Sájẹ́ǹtì lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣì ń bojú wẹ̀yìn, ó ń ka ìka ẹ̀ nínú irin. Ó ní kí ìyá náà dúró wò ó, òun parí ẹ̀, oríire òun ti pé, gbogbo ayé á gbọ́. Ó gbé orí sókè, ó sì wọ inú ọkọ̀ ọlọ́pàá bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pè é.